Lẹ́tà ṣíṣí sí ilé mérì Kétu: ẹ pè é ní odi kí ẹ tó tún un ṣe

Sí ọ̀gá wa mérì Kétu, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ kọmíìnì, àti ẹ̀yin aṣamọ̀nà tó ń mú àlejò wọ Akaba Ìdènà, ibodè odi ìlú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó. A wárí fún Kábíyèsí Alákétu kí a tó lanu sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí àwọn baba ńlá wọn mọ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kò sí ohun tí a fẹ́ bẹ̀ yín ju pé kí ẹ wo orúkọ tí ẹ máa kọ sára pátákó dáadáa kí ẹ tó gbéṣẹ́ àtúnṣe fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ tún "mur" ṣe, ògiri ni yóò wò. Yóò ra sìmẹ́ńtì, yóò rẹ́ ẹ, yóò gbowó rẹ̀, yóò máa lọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ tún odi ṣe, tó bá gbọ́ Yorùbá, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé yàrà rẹ̀, kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí i ká, dà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti fẹ́ gba gbogbo ilé alámọ̀ tó bá ti jọ ibi ààbò ní Benin mọ́ra: tata. Ẹ má jẹ́ kó dé Kétu. Ọ̀rọ̀ Mandinka ni, ògiri ààbò tó yí ìlú tàbí ilé ọba ká ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Faransé ló gbé e káàkiri nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ọba apá òkè jagun. Tata Sikasso ní Mali, tí wọ́n fi àgbá wó lọ́dún 1898, ló lókìkí jù. Nígbà tí wọ́n dé Atakora ní àríwá Benin, tí wọ́n rí ilé alájà tí àwọn Batammariba fi amọ̀ mọ, tó ní igun roboto bí ilé ìṣọ́, wọ́n ní tata náà nìyí. Bẹ́ẹ̀, ilé ìdílé kan ni: ẹran ọ̀sìn nísàlẹ̀, ènìyàn lókè, àká ọkà lórí òrùlé. Takienta ni àwọn tó ni ín ń pè é. Ilẹ̀ wọn, Koutammakou, wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní 2004 fún apá Togo, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé apá Benin ní 2023. Orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn lẹ́nu ara wọn náà ni wọ́n fi wọ ìwé yẹn. Kétu náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Benin ń fẹ́ kí UNESCO gbà láti 1996. Kí ni a fẹ́ fi wọlé ní tiwa?

Fort, orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe ilé olódi wọn, náà kò bá a mu. Èyí tí àwọn Potogí kọ́ sí Ouidah ní 1721, ọmọ ogun díẹ̀ àti oníṣòwò ló ń gbé inú rẹ̀, ìlú wà lóde. Ní ti odi, ìlú ló wà nínú: ààfin, ọjà, ojúbọ, agboolé, nígbà mìíràn oko ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú. Ẹni tó sún mọ́ wa jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀tá wa àtijọ́. Àwọn Fon ń pe yàrà àti odi ní agbo, wọ́n ń pe inú ní mɛ. Ibẹ̀ ni Agbomɛ ti gba orúkọ, inú odi. Ìlú tó kó Kétu lẹ́rú àti ìlú tí wọ́n kó, èrò kan náà ni wọ́n fi mọlé.

Ní ti odi fúnra rẹ̀, ẹ̀yin aṣamọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún àlejò mọ́ pé láti ara "dí", bí ẹni dí ihò, ló ti wá. Ó dùn ún gbọ́, ohùn ni kò gbà á. Dí, ohùn òkè ni. Odi, ohùn àárín ni méjèèjì. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ, ohùn rẹ̀ a máa tẹ̀ lé e lọ: kú bí ikú, jó bí ijó, dè bí ìdè. Sá di, tó bí ìsádi, bá a mu lóhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ohùn bára mu kò tíì sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní odi ni odi, kí ẹ wá fi bí a ṣe ń lò ó hàn wọ́n. A ń mọ odi ni, bí a ṣe ń mọ ìkòkò. A kì í kọ́ ọ. Bí ọmọ Kétu bá wà ní Cotonou, ní Èkó tàbí ní Paris, a ó ní ó wà lẹ́yìn odi. Àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lórí fóònù lójoojúmọ́ láì ronú pé odi kan wà lóòótọ́, pé àwọn ń gba ara rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé.

Ìdènà ní tirẹ̀ kò fara pamọ́. Dè àti ọ̀nà ló di dènà. Lónìí ohunkóhun tó bá ṣèdíwọ́ fún wa la ń pè ní ìdènà, ṣùgbọ́n dènà kì í ṣe dínà. Ẹni tó dínà ti pa ọ̀nà dé, kò sẹ́ni tí yóò kọjá. Ẹni tó dènà jókòó tì í, ó ń wo ẹni tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ibodè gan-an nìyẹn: oníbodè ń bi àlejò ibi tó ti ń bọ̀, ó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ ẹlẹ́rù, ó ń ti ìlẹ̀kùn lálẹ́. Ìlú tó bá dínà fún ara rẹ̀, ọjà rẹ̀ kú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú Ìdènà náà ń fẹ́ àlàyé: àlejò láti Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ tó bá gbọ́ àkàbà, àtẹ̀gùn onígi ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí. Ẹ tètè sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà ìlú la fi ń pè níhìn-ín, kó má baà máa wá ohun tí yóò gùn.

Odi kì í dá dúró. Láti ìta wọlé, igbó ilé ló kọ́kọ́ wà, igbó kìjikìji tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣán, kí ẹṣin ogun má baà rí ọ̀nà sáré gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrà. Lẹ́yìn yàrà ni etí yàrà, ilẹ̀ tóóró bí ìṣísẹ̀ kan sí méjì, tí wọ́n fi sílẹ̀ kí odi má baà yọ̀ ṣubú sínú kòtò. Lẹ́yìn náà ni odi. Ibi tí ọ̀nà bá ti la odi kọjá ni ibodè wà, tí ibodè tó pé sì ń ní ìlẹ̀kùn méjì tí àgbàlá wà láàárín wọn: ẹni tó bá já ti ìta, inú àgbàlá ni yóò bá ara rẹ̀, tí àwọn tó wà lórí ògiri yóò máa wò ó láti òkè.

Amọ̀ tí wọ́n kó nínú yàrà ni wọ́n fi mọ odi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Bí yàrà bá jìn ní mítà 3, tí odi sì ga ní mítà 3, mítà 6 ni ọ̀tá tó bá bọ́ sísàlẹ̀ yóò gùn, ìlú kò sì ru amọ̀ kọjá ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ẹ da pàǹtírí dí yàrà náà, odi mítà 3 péré ló kù, èyí tí ọmọkùnrin méjì lè fò bí ọ̀kan bá gun èjìká èkejì. Ìtàn ẹnu wa ní ayé Ọba Sa ni wọ́n mọ odi Kétu, pé òmìrán méjì ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti gbẹ́ yàrà ní ilẹ̀ pupa yìí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ mọ ìdí tí ìtàn fi ní láti ya òmìrán lò.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kó hàn lára pátákó. Dahomey, ìjọba àwọn Fon tó wà ní Agbomɛ, kò fi agbára fọ́ odi yìí. Ní 1886, láyé Ọba Glele, wọ́n dó ti ìlú títí oúnjẹ fi tán nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Kétu ga, omi jìnnà nísàlẹ̀. Ìlú tí kò bá lè jáde lọ pọnmi kò lè pẹ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri Kétu kò lanu, ikùn ló lanu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ, ó sì di ìgbà tí Béhanzin, ọmọ Glele tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé ní 1894 kí àwọn tó kù tó padà tún ilé tẹ̀dó. Àlejò tó bá wo odi tó ṣì dúró, tí wọ́n sì sọ fún un pé wọ́n ṣẹ́gun ìlú, yóò rò pé odi náà kò wúlò. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ ọ́n fún ló ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí iṣẹ́.

Sìmẹ́ńtì ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí alágbàṣe kankan tàn yín. Odi amọ̀ ń mu omi láti ilẹ̀, ó sì ń mí i jáde lára. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́, yóò kó jọ sẹ́yìn ìrẹ́ náà. Ọdún kìíní, ó ń dán. Ọdún kejì, ó la ní ilà tín-ín-rín, òjò ń gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni odindi awẹ́ kan yóò ya bọ́, yóò sì fa amọ̀ àtijọ́ tó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́ dání. Ẹ fi ìka kan ibi tó ti bọ́ yẹn: bí ó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, inú odi ti ń kú nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń dí ibi tó wó kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó le ju amọ̀ lọ, kò lè bá a wú kò lè bá a sún, ìlà kan yóò sì là láàárín wọn láti òkè dé ilẹ̀.

Amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe, ìyẹn náà kò sì ṣeé ṣe láìdán amọ̀ wò. Ilẹ̀ pupa tí a ní yìí, tí ìwé Faransé ń pè ní "terre de barre" nítorí pé barro ni Potogí ń pe amọ̀, dára, ṣùgbọ́n kò dọ́gba láti ibi kan sí èkejì. Ẹ bu ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ dúdú, ẹ sẹ́ òkúta rẹ̀ kúrò, ẹ pò ó díẹ̀, kí ẹ lọ́ ọ bí ọ̀pá tó nípọn bí àtàǹpàkò. Ẹ rọra tì í jáde ní etí tábìlì. Bí ó bá ṣẹ́ kó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, iyanrìn ti pọ̀ jù, òjò yóò máa fọ̀ ọ́ lọ. Bí ó bá kọjá 15 kó tó ṣẹ́, ó ń fà jù, yóò la bó bá gbẹ. Ẹ fi iyanrìn bíi ìdá kan sí mẹ́ta ilẹ̀ lù ú, kí ẹ tún un dán wò. Láàárín 5 sí 15 ni èyí tó dára wà.

Ẹ tẹ amọ̀ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀, ẹ gé bẹẹrẹ tàbí koríko gbígbẹ ní gígùn ìka sí i, ẹ bò ó, kó sùn fún ọjọ́ 3 ó kéré tán, kí ẹ tún un tẹ̀. Òórùn rẹ̀ yóò yí padà. Ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Amọ̀ tó sùn máa ń fà mọ́ra dáadáa, èyí tí wọ́n pò láàárọ̀ tí wọ́n mọ lọ́sàn-án kì í fà bẹ́ẹ̀. Ibi tó wó ni kí ẹ gé padà dé ibi tó le, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá fi gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ sílẹ̀, tuntun yóò yọ̀ kúrò lára àtijọ́. Ẹ wọ́n omi sí ojú àtijọ́ kó tutù, kó má rin. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa ju ìṣù amọ̀ lé e pẹ̀lú agbára, ní ìpele tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí èkejì tó gùn ún, bí ọ̀sẹ̀ kan nígbà ọyẹ́, tó ọ̀sẹ̀ méjì bí ojú ọjọ́ bá tutù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ìkánjú. Ìpele ìsàlẹ̀ tí kò tíì gbẹ yóò yọkùn lábẹ́ ẹrù, odi yóò tẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnì kan lè ṣe sí i mọ́ ju kó wó o lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín kí iṣẹ́ má bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, kó sì ti parí, kí orí odi ti ní ìbòrí, kí òjò oṣù kẹta tó dé.

Odi tí kò ní fìlà kì í pẹ́. Òjò tó bá ń bọ́ sí i lórí gbangba yóò la á wálẹ̀. Ẹ fi bẹẹrẹ bò ó, kó yọ kọjá ara odi ní ìbú ọwọ́ méjì, kí omi má ṣàn sí i lára. Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ odi pẹ̀lú. Omi tó ń ta padà láti ilẹ̀ a máa jẹ ibẹ̀ títí dé orókún, odi á wá dúró lórí ọrùn tín-ín-rín, ọjọ́ tó bá wó kì í kìlọ̀ fúnni. Ọdọọdún ni kí wọ́n máa fi amọ̀ kún ẹsẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni, kò náni ní nǹkan bí a bá fi wé àtúnkọ́. Igi tó bá hù lórí odi, ẹ gé e nígbà tó ṣì kéré, kí ẹ sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fà á tu, awẹ́ odi ni yóò bá a jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò dènà omi lójú odi, àwọn Batammariba tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń se èèpo èso igi irú, wọ́n ń fi omi rẹ̀ kun ilé wọn. Ìyẹn ń jẹ́ kí ògiri mí. Ti epo pupa tí ìtàn odi ìlú púpọ̀ ní wọ́n fi pò amọ̀, ẹ jẹ́ kó máa wà nínú ìtàn. Ẹni tó bá mọ iye kẹ́ẹ̀gì epo lọ́jà lónìí kò ní bá wa jiyàn.

Yàrà ló ṣòro jù, nítorí ilé ti wà níbẹ̀, ààtàn sì ti wà níbẹ̀. A kò ní kí ẹ lé ẹnikẹ́ni. Ibi tó ṣì ṣí sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ kó ẹ̀gbin inú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé omi tó ń dé ibẹ̀ rí ọ̀nà jáde, torí omi tó bá dúró yóò rin ìdí odi. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ jìn bíi ti àtijọ́. Ilẹ̀ dúdú tó wà lábẹ́ pàǹtírí yẹn, ẹrẹ̀ ayé àwọn baba wa ni, àpáàdì àti eérú wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fi kàtàpílà kó o ti jó ìwé ìtàn níná. Ẹ pe àwọn tó ń kọ́ni nípa ìwalẹ̀pìtàn ní yunifásítì Abomey-Calavi kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀. Kí ẹ̀gbẹ́ yàrà má sì dúró gbọọrọ. Kó tẹ̀ síta díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ya lulẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi jẹ etí yàrà tán, tí odi yóò fi bá a lọ.

Ó kù pátákó. Ní Benin, àwa mìíràn ń kọ ɛ àti ɔ, àwọn mìíràn ń kọ ẹ àti ọ bíi ti Nàìjíríà, ìjà yìí sì ti dá pátákó púpọ̀ dúró. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a nílò: odi, yàrà, ibodè, Ìdènà, igbó ilé. Kò sí lẹ́tà kan nínú wọn tí ìhà méjèèjì ń kọ yàtọ̀ síra. Àmì ohùn nìkan ni kò gbọ́dọ̀ sọnù. Crowther tó fẹsẹ̀ tẹ Kétu ní 1853 ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1852, kò sí ìdí tí akunlé ọdún yìí yóò fi sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ yara láìsí àmì, ẹni tó bá kà á yóò máa wá yàrá tí yóò sùn sí. Odi ní tirẹ̀ kò ní àmì lórí rárá, ẹni tó bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i ti kọ òdì.

Èyí ni a dábàá kí ẹ kọ, kí Faransé wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lókè:

ODI KÉTU. Yàrà ni ẹ ń wò lápá òsì yìí. Amọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n fi mọ odi tó wà lápá ọ̀tún. Ẹ má gun odi, ẹ má da ohunkóhun sínú yàrà. Ìdènà ni ibodè, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà wọlé.

Ẹ ri òpó rẹ̀ síbi tó jìnnà sí odi ní mítà 2 ó kéré tán. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò òpó sí ẹsẹ̀ odi ti là á kó tó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí wa bí ẹ bá ti yan alágbàṣe. A ó wá dán amọ̀ tó fẹ́ lò wò lójú gbogbo yín kó tó gba owó àkọ́kọ́.

Àwa amọlé alámọ̀ àti olùkọ́ èdè Yorùbá,
Kétu